Súwíìṣì Abẹ́ Síìtì: Èmi Ni Mo So Wáyà Náà Pọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Èmi kì í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn. Ọwọ́ mi mọ sípánà ju báírò lọ. Àwòrán tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi jókòó. Alága kan jókòó sórí ẹ̀rọ ìgékoríko tí wọ́n fẹ́ fi ta ilé-ìwé lọ́rẹ, wọ́n gbé ọmọ-ọmọ wọn lé itan, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, èrò ń pàtẹ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé bàbá àgbà àti ọmọ-ọmọ ń gbádùn ara wọn. Àyà mi já.

Iṣẹ́ títún jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìgékoríko ṣe ni mò ń ṣe ní Abẹ́òkúta níbí, ó ti lé ní ogún ọdún. Látìgbà tí ẹ̀rọ ìgékoríko tòkunbọ̀ onísíìtì, èyí tí ènìyàn ń jókòó lé wà, ti ń wọlé láti Amẹ́ríkà, tí ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti òtẹ́ẹ̀lì ń rà á, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń gbé wá bá mi: "Baba, ó máa ń kú fúnra ẹ̀. Tí mo bá ti dìde báyìí, ó ti kú nìyẹn."

Kò bàjẹ́ o. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Súwíìṣì kékeré kan wà lábẹ́ síìtì. Bí ìdí ẹni bá kúrò níbẹ̀ nígbà tí ọ̀bẹ tó ń gé koríko ṣì ń yí lábẹ́, yóò pa iná púlọ́ọ̀gì, ẹ́ńjìnì á sì kú. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ gbé igi tàbí òkúta kúrò lọ́nà, kó kọ́kọ́ pa ọ̀bẹ, kó yọ ọ́ kúrò ní jíà, kó fa bíréèkì, kó tó dìde. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnì èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní kú rárá. Ta ló wá ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń wà á? Wọ́n á kàn ju kọ́kọ́rọ́ sí wọn ni, wọ́n á ní ẹni tó lè gun ọ̀kadà lè wa èyí.

Lọ́dún 2019, ọ̀gá ilé-ìwé kan ránṣẹ́ pè mí lórí ẹjọ́ yìí kan náà. Mo ṣàlàyé, wọn ò gbọ́. "Baba, ẹ bá wa so ó pọ̀ jàre. Koríko ti bo pápá, WAEC sì ti dé tán." Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo gé wáyà tí kò gùn ju ìka mi lọ, mo fi so ojú méjèèjì pọ̀, mo fi téèpù dúdú wé e. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni mo gbà. Ọmọkùnrin tó ń wà á dìde dúró lórí ẹ̀rọ bí ẹni gẹṣin, ẹ́ńjìnì kò kú. Ó ní, "Baba, ọwọ́ yín dáa." A jọ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, òjò rọ̀ mọ́jú. Koríko tútù dí ẹnu ihò tí ẹ̀rọ fi ń tu koríko síta. Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, kò pa á. Kí ló fẹ́ pa á fún, nígbà tí kì í kú mọ́? Ó ní kí òun fi ẹsẹ̀ ti koríko náà. Sálúbàtà ló wọ̀, ilẹ̀ sì ń yọ̀.

Ìyá rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí ní ọsibítù. Ó gbé sálúbàtà ẹsẹ̀ kan dání nínú ọ̀rá dúdú. Ìka ẹsẹ̀ mẹ́ta ló lọ. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè wáyà. Ọmọ náà tún dúpẹ́ pé mo wá kí òun. Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi tí mo gbẹ́ kòtò, n kò jìn sí i.

Ṣé ẹ mọ eré tí ọ̀bẹ yẹn ń sá? Ẹnu rẹ̀ lè sún mọ́ 200 máìlì ní wákàtí kan. Mọ́tò wo ló ń sá bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà Ṣágámù? Tó bá sì kan òkúta, ó ń ta á bí ìbọn, abẹ́ òkúta sì ni ìlú wa wà. Ẹ rìn yí pápá ká, kí ẹ ṣa òkúta, wáyà àti agolo kúrò kí ẹ tó tan nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ alága ni mo fẹ́ padà sí. Ẹnìkan lè ní, "Ṣebí súwíìṣì wà níbẹ̀?" Súwíìṣì mọ ìdí bàbá, kò mọ ti ọmọ. Bí ọmọ bá yọ̀ bọ́ lórí itan, ìwúwo bàbá ṣì wà lórí síìtì, ọ̀bẹ á máa yí lọ. Ọmọ tí wọ́n bá sì ti gbé gùn ún lẹ́ẹ̀kan, bó bá tún gbọ́ ìró rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, á sáré wá bá a láti ẹ̀yìn, níbi tí ẹni tó ń wà á kò ti ní rí i bó bá ń fi ẹ̀yìn rìn. Àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀rọ náà ti wá, ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ wà á, wọn ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ọmọ sórí rẹ̀. (Kì í ṣe pé gbogbo òyìnbó ń gbọ́ràn o. Mo ti ṣí síìtì tòkunbọ̀ rí, mo bá wáyà tí wọ́n ti so pọ̀ láti ọ̀hún.)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní in, ẹ dán an wò lórí ilẹ̀ títẹ́jú tí kò sí ènìyàn nítòsí. Ẹ jókòó, ẹ tan ọ̀bẹ, kí ẹ gbé ìdí sókè díẹ̀. Bí kò bá kú, ẹnìkan ti bá yín so ó pọ̀, tàbí súwíìṣì ti bàjẹ́. Ẹ ra òmíràn. Ó lè pẹ́ kí ẹ tó rí i rà, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí koríko ga.

Èmi fúnra mi padà sí ilé-ìwé yẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè mí, mo já wáyà mi, mo fi súwíìṣì tuntun sí i. N kò gba kọ́bọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tuntun tó ń wà á pè mí lórí fóònù: "Baba, ó tún ti ń kú o."

Mo ní, "Ó ṣeun."

Èmi ni tiyín,
Baba Oníjẹnẹrétọ̀,
Abẹ́òkúta.