Ìwé Ẹ̀sùn: Igi Wílò Tó Kú Lókè, Tó Ń Hù Nísàlẹ̀

Sí ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ńbà ìrajà mi wà lọ́wọ́ yín, fọ́tò mẹ́fà tí mo fi ránṣẹ́ náà wà níbẹ̀, n kò ní tún wọn tò. Wílò Kilmarnock tí ẹ gbé wá ní oṣù Kọkànlá, èyí tí ẹ so mọ́ orí ìdí wílò mìíràn kí méjèèjì lè hù pọ̀ bí igi kan, ti kú lókè; ìsàlẹ̀ nìkan ló ń hù. Igi lè kú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó dùn mí ni bí ẹ ṣe ń gbé mi lọ, tí ẹ ń gbé mi bọ̀ láti oṣù Kẹta.

Òṣìṣẹ́ yín àkọ́kọ́ tó dá mi lóhùn ṣe dáadáa. Ó ní òmíràn á dé kí oṣù Kẹta tó parí, torí tí ewé bá ti yọ, igi tí kò sí iyẹ̀pẹ̀ lára gbòǹgbò rẹ̀ kò ṣeé gbìn mọ́. Òótọ́ ló sọ. Mo gbẹ́ ihò sílẹ̀. Oṣù Kẹfà la wà yìí, ihò náà ṣì ṣófo.

Ní oṣù Kẹrin, òṣìṣẹ́ yín mìíràn bi mí lórí fóònù bóyá mò ń bomi rin ín. Mo ní gárawá méjì lọ́sẹ̀ bí òjò kò bá rọ̀. Ó já lu ọ̀rọ̀ mi, ó ní bóyá wọn kì í gbin wílò ní ìlú tí mo ti wá. Ẹ sọ pé ẹ máa ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gbọ́ ọ. Lóòótọ́, a kì í gbìn ín nílẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi èékánná ha èèpo rẹ̀ lókè ibi tí ẹ ti so igi méjèèjì pọ̀, ó gbẹ bí igi ìdáná. Nísàlẹ̀ rẹ̀, tútù yọ̀yọ̀ ni. Gbòǹgbò kan náà ló ń fa omi fún méjèèjì. Ojú ìso náà ti là yí ká, èékánná ń wọ̀ ọ́. Ìso náà ni kò mọ́ra dáadáa láti ọgbà yín.

Ẹni kẹta, ní oṣù Karùn-ún, ní mo rẹ́ ẹ lásìkò tí kò tọ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí òdòdó bá yọ tán là ń rẹ́ wílò, torí ẹ̀ka ọdún tó kọjá ni òdòdó onírun tó máa ń yọ ń jókòó lé. Ẹni tó bá rẹ́ ẹ nígbà òtútù pàdánù òdòdó, kò pàdánù igi. Tèmi kò tilẹ̀ yọ òdòdó kan. Kí ni mo fẹ́ rẹ́?

Ó wá ní kí n jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ máa hù, pé wílò náà ni. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Ewé Kilmarnock fẹ̀, irun funfun wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ ń dorí kodò, kì í sì í ju bíi mítà méjì lọ. Èyí tó ń hù nà gbọnrangandan sókè, ewé rẹ̀ gùn tín-ín-rín. Bó bá dàgbà, gbòǹgbò rẹ̀ á wá páìpù omi ìdọ̀tí lọ, mítà mẹ́rin péré ló sì wà láàárín wọn. Ọmọ tó bá yọ nísàlẹ̀ ìso, yíya là ń ya á kúrò láti ìdí. Ẹni tó ń ta igi yẹ kó mọ èyí.

N kò fẹ́ igi yín mọ́. Ẹ dá owó mi padà, pẹ̀lú owó ìgbéwá, láàárín ọjọ́ 14. Àbùkù yìí hàn kí oṣù mẹ́fà tó pé. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2015 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ gbé e wá. Bí ọjọ́ 14 bá kọjá, kóòtù la ó ti pàdé. Ẹ fi ìwé dá mi lóhùn. Ẹ má pè mí lórí fóònù mọ́.

Èmi, oníbàárà yín