Ìkéde: Ojú ọjọ́ lórí òkè Nepal bí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò o.

Òjò ńlá tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Nepal lóṣù kẹfà ti ń palẹ̀ mọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ló sábà máa ń lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ìyẹn fi aṣọ òjò sílé! Ilẹ̀ ṣì rin gbingbin, ẹ̀gbẹ́ òkè ṣì lè ya lulẹ̀ sójú ọ̀nà. Eṣúṣú náà ṣì wà nínú koríko ìsàlẹ̀, ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀.

Òwúrọ̀ ni ojú ọ̀run máa ń mọ́ jù. Tó bá di ọ̀sán, ìkùukùu á ti gun òkè wá. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ la ó máa gbéra.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ìjì òkun. Lóṣù kẹwàá ọdún 2014, ìyókù ìjì Hudhud da yìnyín bo Thorong La, ọ̀nà orí òkè tí à ń lọ yìí, tó ga ní mítà 5,416. Ó lé ní 40 ènìyàn tó kú lágbègbè náà. Bí atọ́nà bá ní ká padà, a ó padà ni, kò sí àríyànjiyàn.

Ẹ jọ̀wọ́, kí kálukú fèsì kó tó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì: ṣé ẹ ti ní bàtà tí omi kì í wọ̀, ẹ̀wù òtútù àti iná orí? Ẹni tí kò bá tíì ní, kó pè mí.

Akọ̀wé ẹgbẹ́