Èdè Tọ́kì àti ti Estóníà kì í ṣọmọ ìyá

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn kan ṣì ń sọ pé ọmọ ìyá lèdè Tọ́kì àtèdè Estóníà, èmi ò gbà o, Fínlándì ni mọ̀lẹ́bí Estóníà wà, Azerbaijan ni Tọ́kì ń bá tan. Ohun tó ń tàn wọ́n jẹ ni pé àwọn méjèèjì máa ń so nǹkan mọ́ ìdí ọ̀rọ̀, "nínú àwọn ilé wa", evlerimizde ni Tọ́kì á pè é, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! Estóníà á ní meie majades, "wa" dá dúró níwájú. Wọ́n tún ní àwọn méjèèjì kì í ya ọkùnrin sọ́tọ̀ sóbìnrin, ẹni tí wọ́n ń sọ ì báà jẹ́ bàbá ì báà jẹ́ ìyá, bíi "ó" tiwa gẹ́lẹ́ ni, ṣé àwa náà wá ń bá wọn tan nìyẹn?