Báà àdúgbò: Sátidé yìí, Òkèsà là ń lọ

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Aago 5 ìrọ̀lẹ́ Sátidé ká pàdé l'Ókèsà, báà méjì péré la máa wọ̀ ká lè fún wọn ní máàkì, torí mẹ́ta tá a wọ̀ níjọ́sí n'Ísọ̀kùn, ìgbà tá a fi máa dé ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò sẹ́ni tó mọ adùn pẹpẹsúùpù mọ́, a kàn ń fún wọn ní máàkì bó ṣe wù wá. Ìyẹn ò dáa, oúnjẹ òòjọ́ wọn ni.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọtí tutù. Trophy tí wọ́n ń pọn n'Íléṣà níbí, kò yẹ kó gbóná dé iwájú wa! Ìyá kan n'Ísọ̀kùn, tí iná bá ti lọ, inú kúlà oníyìnyín ló ń kó tiẹ̀ sí, á fi aṣọ nu ìgò gbẹ kó tó ṣí i lójú ẹ, irú ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀. Ẹ wo pẹpẹsúùpù, ẹ wo ilé ìtọ̀ náà. Ẹni tó bá fẹ́ mu ẹmu kó tètè dé o, tó bá fi pẹ́, ẹmu ti kan nìyẹn.

Kálukú á sanwó ara ẹ̀. Ẹni tó bá wa mọ́tò tàbí ọ̀kadà wá, mọ́ọ̀tì ni kó mu, mo bẹ̀ yín. Ẹ má ya fọ́tò oníbàárà kankan láì tọrọ àyè. Ẹni tó ń bọ̀, kó sọ fún mi kí Tọ́sìdeè tó parí.