Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò náà nítàn

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà ẹnìkan lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò ò nítàn kankan, àwọn tó ń fi ìrọ̀lẹ́ ṣeré lásán ni wọ́n. Ó dùn mí, torí bàámi wà nínú ọ̀kan níbí, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo).

Ẹ bá mi bi í: kí ni àwọn Knickerbocker, ẹgbẹ́ eléré àtijọ́ kan ní New York, ń ṣe? Akọ̀wé báńkì àti oníṣòwò ni púpọ̀ nínú wọn. Tí wọ́n bá ṣíwọ́, wọ́n á lọ gbá béésìbọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n ń fi kóńdó gbá bọ́ọ̀lù, tí ẹni tó gbá a á sì máa sá yípo. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ sọdá odò Hudson lọ sí pápá ní Hoboken, bí àwọn ará Aguégués, abúlé orí omi, ṣe ń wakọ̀ wá ná ọjà wa. Àmọ́ lọ́dún 1845, wọ́n kọ òfin eré wọn sílẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù lu ẹni tó ń sáré mọ́. (Ṣáájú ìgbà náà, bí àwọn kan ṣe ń lé èèyàn jáde nìyẹn. Ẹ wo ìyà!) Wọ́n tún níwèé tí wọ́n ń kọ orúkọ àti ayò sí. Ẹni tó sọ ìsọkúsọ lórí pápá, sẹ́ǹtì 6 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wà nínú ìwé.

Ibi tó wù mí jù rèé. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1846, ẹgbẹ́ mìíràn fi 23 sí 1 lù wọ́n bí ẹni lu bàrà. Lónìí, àwọn tí wọ́n lù yẹn layé mọ̀. Àwọn tó lù wọ́n ńkọ́? Ìwé wọn dà?

Bí ìtàn bá sì ṣófo, ẹlòmíì á bá wa dí i. Lọ́dún 1907, ìgbìmọ̀ kan ní Amẹ́ríkà kéde pé ọ̀gá ṣọ́jà kan, Abner Doubleday, ló dá eré náà sílẹ̀ ní Cooperstown lọ́dún 1839. Bẹ́ẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ológun ní West Point ló wà lọ́dún yẹn, ó sì ti kú láti 1893, kò lè jẹ́ẹ̀rí ara rẹ̀.

Ìwé tiwa ńkọ́? Kàyé (ìwé ìkọ̀wé) kan ni, ẹ̀yìn rẹ̀ búlúù, ìsàlẹ̀ àpótí bàámi ló wà. Nígbà tí mo ṣí i lẹ́yìn ìsìnkú, ikán ti jẹ àárín rẹ̀ tán. Orúkọ mẹ́rin ló kù, àti ìlà kan: «ó kù 25 CFA lọ́rùn rẹ̀». Orúkọ ajigbèsè náà ni ikán kọ́kọ́ jẹ. Orí bá a ṣe é!

Mẹ́ta nínú wọn ṣì wà láyé. Mo ti ra kàyé tuntun, mo sì ti lọ bẹ èyí tó dàgbà jù pé kó fún mi láyè lọ́jọ́ Àìkú. Bàbá ní àwọn á sọ̀rọ̀, àmọ́ kí n má ṣe kọ ọjọ́ tí wọ́n lù wọ́n ní Kétu síbẹ̀.

Màá kọ ọ́.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Àjàṣẹ́