Sí Àdùkẹ́: Bí Wàá Ṣe Darí Àwọn Àtọ̀húnrìnwá Lẹ́nu Iṣẹ́

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

A gbọ́ pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe máníjà nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Leeds, ní England. O kú oríire, Ọlọ́run á jẹ́ kó yẹ ọ́. Àwọn ọmọ Nàìjíríà, Zimbabwe àti Íńdíà tí wọ́n kó sábẹ́ rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lé lórí. Owó oṣù wọn kò sí lọ́wọ́ rẹ, àmọ́ bóyá iṣẹ́ náà á gbádùn mọ́ wọn, ọwọ́ rẹ ló kù sí.

Kọ́kọ́ mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ẹni tó bá físà Health and Care Worker, ìyẹn físà àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti ìtọ́jú, wọ̀lú, ilé iṣẹ́ tó gbà á ni físà rẹ̀ rọ̀ mọ́. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó Home Office, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó físà, létí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Ọjọ́ 60 ni wọ́n sì sábà máa ń fún un láti rí ilé iṣẹ́ mìíràn tó láṣẹ láti gba àlejò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó máa lọ sílé. Nítorí náà, bí o bá bi í bóyá á lè ṣe shift òru Sátidé, tó ní "bẹ́ẹ̀ ni, mà," má yára gbà pé ó wù ú. Kọ àwọn shift tó ṣẹ́ kù sára ògiri, kí kálukú mú èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn títí di Ọjọ́bọ̀, kí o wá pín ìyókù ní yíyípo. Máa kọ orúkọ ẹni tó ṣe òru òpin ọ̀sẹ̀ sílẹ̀, kó má baà máa já lé orí ẹnì kan. Jẹ́ kí rota, ìyẹn ìwé tó ń sọ ìgbà tí kálukú máa ṣiṣẹ́, jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, torí abiyamọ tí kò ní ìyá tàbí àbúrò nítòsí gbọ́dọ̀ wá ẹni tó máa gbé ọmọ dì í. Bí èdèkòyédè bá sì dé, má fẹnu kan físà láéláé.

Lórí ìsinmi, òfin fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ní ọjọ́ 28 lọ́dún. Ẹni tí òbí rẹ̀ wà ní Harare, ní Zimbabwe, kò fẹ́ ẹ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ó fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ jọ kó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé. Gba ìbéèrè gbogbo wọn ní January, títí kan ti àwọn tó ń ṣe Iléyá.

Kurt Lewin, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, tí òun náà fi Jámánì sílẹ̀ lọ di àlejò ní Amẹ́ríkà ní 1933, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, ṣàlàyé oríṣi aṣáájú mẹ́ta ní 1939: apàṣẹ, ẹni tó ń fọ̀rọ̀ lọ àwọn èèyàn rẹ̀, àti ẹni tó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Mo mọ̀ pé o ò ní jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Oríṣi kẹta ni mo ń bẹ̀rù fún ọ, torí ó máa ń jọ ìwà pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè má mọ̀ pé òun lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi ogún ìṣẹ́jú bí iṣẹ́ bá ju wákàtí mẹ́fà lọ, tàbí wákàtí 11 láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan sí èkejì. Bí o bá fi í sílẹ̀, àṣìṣe ni yóò fi kọ́ ọ, àṣìṣe náà á sì wà nínú fáìlì rẹ̀.

Jókòó tì í fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́. Má bi í pé "Ṣé kò sí ìṣòro?" Ìwọ náà mọ ìdáhùn wa sí i: "Kò sí o." Béèrè pé, "Kí ló le jù lọ́sẹ̀ yìí?" Kọ ohun kan tí wàá ṣe sí i sílẹ̀, kí o sì padà wá sọ ibi tó já sí, kódà bí kò bá ṣeé ṣe. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí wọn ò gbọ́ nǹkan kan, wọn ò ní sọ mọ́.

Bí o bá fẹ́ bá ẹnì kan wí, pè é sápá kan, má ṣe é lójú àwọn arúgbó tàbí lórí WhatsApp. Ẹni tó wolẹ̀ nígbà tí o ń bá a wí kò purọ́. Bí a ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn.

Ohun kan kù, òun ló sì gbẹgẹ́ jù. Àwọn ọmọ Yorùbá á máa pè ọ́ ní àǹtí. Má fi ìyẹn fún wọn ní shift tó dáa jù, má sì rán wọn níṣẹ́ ara rẹ bí àbúrò. Nígbà tí ẹ bá ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín, má sọ Yorùbá lójú ọmọ Íńdíà; á rò pé òun lẹ̀ ń sọ.

Kọ̀wé sí mi bí o bá ti pín rota àkọ́kọ́. Mo fẹ́ mọ ẹni tí òru Sátidé bọ́ sí lọ́wọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ