Oṣù mélòó ni omi ń lò lórí ilẹ̀ náà?

Sí Olóòtú Ìwé Ìròyìn,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àìsinmi. Nígbàkígbà tí omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù bá ti ṣẹlẹ̀ ní etí odò Ògùn, láti Iṣẹ́rì títí dé Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí inú gọ́tà ni ó máa ń gba ẹnu gbogbo wa. N kò sọ pé gọ́tà kò ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: oṣù mélòó nínú ọdún ni omi ń lò lórí ilẹ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé síbẹ̀? Ẹni tó bá lọ wò ó nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, nígbà tí ọyẹ́ ti fa ojú rẹ̀ gbẹ, ilẹ̀ gbígbẹ ni yóò rí, ìwé tí awọnlẹ̀ bá sì yà lásìkò yẹn kò ní sọ ohun mìíràn fún un.

Ọ̀nà tí a fi lè dáhùn ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1971, àwọn onímọ̀ méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ Stewart àti Kantrud ṣe ìpín fún àwọn adágún kéékèèké tó kún pápá North Dakota ní Amẹ́ríkà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí omi rẹ̀ ń gbẹ kíákíá lẹ́yìn tí yìnyín bá ti yọ́, títí dé èyí tí kì í gbẹ rárá, wọ́n sì ya èyí tí omi rẹ̀ níyọ̀ àti èyí tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń sun sí lọ́tọ̀. Kò pọn dandan kí ènìyàn jókòó ti adágún kan láti ọdún dé ọdún kó tó mọ ìpín rẹ̀: ewéko tó hù ní ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, nítorí pé koríko tí kò lè fara da omi kò lè hù níbi tí omi ti ń dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Àwọn àgbẹ̀ àti apẹja tiwa náà mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Ilẹ̀ tí àgbàrá kàn ń gbà kọjá yàtọ̀ sí àkúrọ̀, tí omi ń fà kúrò lórí rẹ̀ bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí wọ́n sì ń gbin ẹ̀fọ́ àti ewédú sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àkúrọ̀ náà yàtọ̀ sí irà tí igi ògùrọ̀ wà, níbi tí ẹsẹ̀ kì í ti í gbẹ. Òṣíbàtà tó ta gbòǹgbò sínú ẹrẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí tó dára pé omi ń pẹ́ níbẹ̀. (Ojú oró kò ṣeé gbára lé tó bẹ́ẹ̀, nítorí omi lè gbé e wá láti ibòmíràn.) Bí a bá sì gbẹ́ ilẹ̀, tí a bá iyẹ̀pẹ̀ aláwọ̀ eérú tó ní àmì pupa bí irin tó dógùn-ún, omi ti máa ń dúró níbẹ̀, bí ojú ilẹ̀ tilẹ̀ gbẹ.

Ewu kan wà nínú irú ìpín bẹ́ẹ̀ ṣá o. Ó rọrùn kí àwọn aláṣẹ dáàbò bo èyí tí omi rẹ̀ kì í gbẹ, kí wọ́n sì ta ìyókù. Nínú oṣù Èbìbí ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà pinnu pé òfin ìjọba àpapọ̀ lórí omi mímọ́ kò kan àbàtà mọ́, àfi èyí tí omi ojú rẹ̀ bá so mọ́ odò tàbí adágún tó ń dúró pẹ́. Àwọn baba wa ti fi àbàtà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Àwọn adájọ́ wọ̀nyí gba àbàtà gbọ́. Bẹ́ẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ ló sábà ń so àwọn méjèèjì pọ̀. Ilẹ̀ tí omi rẹ̀ kì í pẹ́ gan-an ni ó ní àyè láti gba omi nígbà tí odò bá kún, nítorí pé ó ti gbẹ kí òjò tó dé, nígbà tí adágún tó ti kún tẹ́lẹ̀ kò ní àyè púpọ̀ mọ́. Ibẹ̀ náà ni ẹja àrọ̀ ń lọ yé ẹyin sí nígbà tí odò bá bo bèbè rẹ̀.

Àdéhùn àgbáyé lórí ààbò àbàtà àti ilẹ̀ olómi, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìlú Ramsar ní Iran ní ọdún 1971 kò fi ti ìgbà díẹ̀ sílẹ̀: àtèyí tí omi ń dúró sí títí, àtèyí tí omi ń wá tó ń lọ, ó ka gbogbo wọn mọ́ ọn. Ibi 11 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn náà, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù. Ọwọ́ àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa ni iṣẹ́ náà kù sí.

Mo ń rọ ìjọba Ògùn àti ti Èkó pé kí wọ́n wọn omi orí àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí nínú oṣù Òkúdù, nínú oṣù Ọ̀wàrà àti nínú oṣù Èrèlé, kì í sì í ṣe fún ọdún kan péré. Òjò inú ọdún kan kò jọ ti èkejì, àti pé bí òjò kò bá tilẹ̀ rọ̀ ní Ìkòròdú, omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ láti dáàmù Ọyán, tó ti wà láti ọdún 1983, ń gba odò Ògùn wá síbẹ̀. Kí wọ́n kọ iye oṣù tí omi ń lò sára ìwé ilẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ rà á lè kà á kó tó sanwó.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Ìkòròdú